Ìlà Tó Sọ̀kalẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

"Ta ni ó kọ́ bàbá rẹ ní ìwé fífi ṣòfò?"

Ìbéèrè tí Awòfín kọ́kọ́ bi Aránṣọ nìyẹn. Kò tilẹ̀ tíì jókòó. Ó gbé ìwé ìdágbére tí wọ́n ní bàbá Aránṣọ fi sílẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ògbólógbòó aṣọ fún ní orúkọ tuntun.

Láti ìjẹta tí bàbá rẹ̀ ti di àwátì, oorun kò kan ìpéǹpéjú Aránṣọ. Fúláàsì kékeré kan wà nínú àpò tí ó gbé kọ́ èjìká. Omi dídì ni ó kó sínú rẹ̀, ìgò oògùn àtọ̀gbẹ bàbá rẹ̀ sì wà láàárín omi dídì náà. Ibi gbogbo tí ó bá ń lọ ni ó ń gbé e lọ, nítorí dókítà ti wí fún un láìfi bò pé bí arúgbó náà kò bá gba abẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí wọ́n má ṣe retí rẹ̀ láàyè. Oòrùn sì ti yẹ àtàrí.

"Ìyá, bàbá mi kì í fi ìwé ṣòfò," ni Aránṣọ wí. "Ahun ni wọ́n lórí ìwé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní ku ibi tí èèrà máa gbà."

"Èmi náà rí i." Awòfín na ìka sí òkìtì ìwé tí ó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. "Gbogbo ìwọ̀nyí fún pinpin. Èyí tí wọ́n ní ó fi dágbére fáyé nìkan ni ìlà rẹ̀ jìnnà síra bí ilé orogún. Fún mi ní téèpù tí o fi ń wọn aṣọ."

Aránṣọ fa àpótí kékeré tí ó wà ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Téèpù wà níbẹ̀, àlùmọ́gàjí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò òróró ẹ̀rọ kò sí ní àyè rẹ̀. Ó tì í padà. Ta ni bàbá rẹ̀ yóò sọnù tí yóò máa wá òróró?

Ọ̀gá Ọlọ́pàá tí ó fara ti ilẹ̀kùn mí kanlẹ̀. "Ìyá, èèyàn rì sódò, ẹ̀ ń fi téèpù wọn ìwé. Ṣé ẹ fẹ́ rán kaba fún un ni?"

"Bí mo bá rán an, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́," ni Awòfín dá a lóhùn, kò sì gbé ojú sókè.

Ó yẹ kí a mọ obìnrin yìí. Ilé-ẹjọ́ ni Awòfín ti ṣiṣẹ́ títí tí ó fi fẹ̀yìn tì, ìwé ayédèrú ni ó sì ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ ẹlòmíràn lókè òkun, yóò sọ ọwọ́ tí ó fi kọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sàn-án, wọn a sì máa wá a lọ nígbà tí ọ̀ràn bá dojú rú. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá Ọlọ́pàá kọ́ ni ó pè é. Aránṣọ ni ó lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro sọ. Bàbá Aránṣọ ní kọ̀ǹpútà ilé ti ayé àtijọ́ kan, irú èyí tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ara ẹ̀rọ náà ti pọ́n bí eyín arúgbó, lẹ́tà orí bọ́tìnnì rẹ̀ sì ti pa rẹ́ pátápátá, kò ku ẹyọ kan. Ìka baba náà nìkan ni ó mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sùn sí. Orí ẹ̀rọ yìí ni ó ti ń kọ ìwé nípa ilé-iṣẹ́ ọ̀dà tí ó jóná nígbà tí ó jẹ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ níbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì jóná mọ́ ọn nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé-ìkẹ́rù mọ́ wọn láti òde. Ta ni ó tì í? Baba náà ní orí ìkẹyìn ìwé òun ni òun yóò ti sọ ọ́.

Kàkà kí orí ìkẹyìn dé, ìdágbére ni ó dé. Nígbà tí Aránṣọ padà láti ibi tí ó ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, ìjókòó bàbá rẹ̀ ṣófo, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lójú tẹlifíṣọ̀n: *Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ má ṣe wá mi lọ títí. Odò ni mo gbà lọ. Ẹ dárí jì mí.*

"Ta tún ni ó lè tẹ bọ́tìnnì tí kò ní lẹ́tà?" ni Ọ̀gá Ọlọ́pàá wí. "Bàbá fúnra wọn ni. Mo sì ti kó gbogbo àwọn ọmọ mi lọ sódò."

"Ìwọ náà ni o tún ní àdììtú ni lánàá," ni Awòfín wí.

Ọ̀gá Ọlọ́pàá wú ikọ́. Òtítọ́ ni. Ó ti ní kí wọ́n da ọ̀rọ̀ inú dísìkì tí ẹ̀rọ baba náà ń pa ìwé mọ́ sí sínú kọ̀ǹpútà àgọ́ ọlọ́pàá bí ó ṣe wà. Nígbà tí ó rí i tí lẹ́tà ńlá di kékeré, tí kékeré di ńlá, ó pariwo pé àṣírí ń bẹ nínú rẹ̀, ó sì fi Aránṣọ jókòó sí àgọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń bi í ní ìtumọ̀. Odidi ọjọ́ kan tí à bá fi wá ènìyàn! Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ àtijọ́ náà kì í to lẹ́tà bí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe ń tò ó. Ibi tí ti òde òní to kékeré sí ni tirẹ̀ to ńlá sí. Kò sí àdììtú kankan. Ó wá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé baba náà tẹ ìdágbére ọ̀hún jáde, kí òun lè rí ẹ̀rí gbé dání.

Ní igun yàrá, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Aránṣọ tí òun náà ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, ń sọkún. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sinmi," ni ó wí. "Ó ti rẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an ni mò ń wò," ni Awòfín wí. Ó ká téèpù náà. "Àlàfo ìlà kan níhìn-ín gba ìlà méjì níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ kan náà, ìwé kan náà. Aránṣọ, ta ni ó ń bá bàbá rẹ tún àwọn ẹ̀rọ yìí ṣe?"

"Oníwáyà ni, Ìyá. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà."

"Mú àpò rẹ. Ó yá."

*

Ìsọ̀ Oníwáyà kún fún òkú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ gun ara wọn lórí bí ìjàpá nínú agbọ̀n. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni láti máa kó ìwé tí àwọn ènìyàn kọ sínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí bọ́ sínú kọ̀ǹpútà òde òní, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà bá ẹ̀rọ kú. Bí ó ti rí Ọ̀gá Ọlọ́pàá ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í búra.

"Mi ò mọ nǹkan kan! Kí ẹ̀mí mi —"

"Má tíì fi ẹ̀mí rẹ búra, ó lè wúlò fún ọ," ni Awòfín wí. "Tẹ ìlà mẹ́ta sórí kọ̀ǹpútà òde òní yẹn. Ohunkóhun. Kí o dà á sínú ẹ̀rọ àtijọ́, kí o sì tẹ̀ ẹ́ jáde."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ọlọ́pàá, ó sì jókòó. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ ìbúra, síbẹ̀ ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ké kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́. Ìlà mẹ́ta jáde, wọ́n fún pinpin.

Awòfín gbé ìwé ìdágbére sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Kí ni o ṣe sí tìrẹ tí kò fi jìnnà síra báyìí?"

Oníwáyà tẹjú mọ́ ìwé ìdágbére. Ìbúra kú sí i lẹ́nu. "Ah. Ẹni yìí kò yọ Sọ̀kalẹ̀."

"Kí ni Sọ̀kalẹ̀?" ni Ọ̀gá Ọlọ́pàá bi í.

"Ọ̀gá, ẹ rántí táípù àtijọ́. Tí ìlà bá parí, iṣẹ́ méjì lẹ máa ṣe: ẹ máa tì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa yí ìwé kó sọ̀kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà òde òní máa ń kọ àṣẹ méjèèjì sí ìparí ìlà, Padà àti Sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ bíi ti Bàbá kì í kọ ju Padà lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ló máa ń fi Sọ̀kalẹ̀ kún un fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá wá gbé ọ̀rọ̀ tó ti ní Sọ̀kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún un —"

"Yóò sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì," ni Awòfín parí rẹ̀. Ó yíjú sí Ọ̀gá Ọlọ́pàá. "Ṣé o gbọ́? Orí ẹ̀rọ bàbá kọ́ ni wọ́n ti kọ ìdágbére yìí. Orí kọ̀ǹpútà òde òní ni wọ́n ti kọ ọ́, tí wọ́n sì fi wáyà dà á sínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é kò lè tẹ bọ́tìnnì tí kò ní lẹ́tà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Aránṣọ lára bí omi tútù. Bàbá rẹ̀ kò dágbére. Bàbá rẹ̀ kò gba odò lọ. Nígbà náà, gbogbo àwọn tí ń tú odò láti ìjẹta, kí ni wọ́n ń wá?

Ọ̀gá Ọlọ́pàá ti di Oníwáyà lọ́rùn aṣọ mú. "Ta tún ni ó ní wáyà nílùú yìí bí kò ṣe ìwọ?"

"Fi í sílẹ̀," ni Awòfín wí. "Àṣìṣe yìí ju agbára rẹ̀ lọ; kò lè ṣe é. O kò rí i bí? Ẹ̀rù ń bà á dé ojú ikú, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ yọ Sọ̀kalẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ti wo Oníwáyà níbi tí ó ti ń kó ọ̀rọ̀ bọ̀ láti inú ẹ̀rọ àtijọ́, ṣùgbọ́n kò rí i rí níbi tí ó ti ń kó o padà. Ẹni tí ó mọ àlọ ni, ó rò pé òun ti mọ àbọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkùnrin náà. "Ètò tí o fi ń yí ọ̀rọ̀ padà, bí ènìyàn bá lò ó ní àbọ̀ bí ó ti wà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Ó máa pààrọ̀ lẹ́tà ńlá àti kékeré, ìyẹn á sì bọ́ sípò. Ṣùgbọ́n kò ní yọ Sọ̀kalẹ̀, torí fífi kún un ni mo kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ ní yíyọ."

"Ó dà bí aṣọ," ni Aránṣọ wí. "Tí mo bá yí aṣọ pòdà lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ á padà síta. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ṣẹ́ ìṣẹ́tí sí i, yíyí pòdà ò lè tú ìṣẹ́tí."

"Gẹ́lẹ́," ni Oníwáyà wí. "Ojú tẹlifíṣọ̀n ò sì ní fi hàn án. Àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde."

"Ta ni o fún ní ètò yìí àti wáyà?" ni Awòfín bi í.

"Ẹnì kan péré ni. Wọ́n ní Bàbá ló rán wọn, pé wọ́n fẹ́ máa ṣe é nílé. Wọ́n tún ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan lọ́wọ́ mi. Àwọn tó máa ń gbé dísìkì Bàbá wá síbí, tí wọ́n máa ń jókòó síbẹ̀ yẹn wò mí títí màá fi parí."

Aránṣọ kò jẹ́ kí ó dárúkọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kò dára. Ẹnì kan ni ó máa ń bá a gbé dísìkì lọ síta.

"Bàbá Kékeré," ni ó wí.

*

Wọ́n bá a níbi tí wọ́n fi í sí. Ó ti bu omi mu, ó sì na ẹsẹ̀.

"Ẹ kú wàhálà o," ni ó wí. "Ṣé wọ́n ti rí òkú?"

"Wọn ò tíì rí i," ni Awòfín wí. "Ìgbà wo lẹ kọ́ kọ̀ǹpútà?"

"Èmi kẹ̀? Fóònù ọwọ́ mi gan-an, aládùúgbò ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Wáyà tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ Oníwáyà ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi."

"Ẹ̀gbọ́n yín ò ní kọ̀ǹpútà òde òní. Kí ni wọ́n fẹ́ so wáyà náà mọ́? Mọ́ àga?"

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Awòfín tẹ́ ìwé méjèèjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un láti orí dé ìdí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Nítorí àlàfo inú ìwé ni ẹ fi ń pè mí ní apànìyàn?"

"N kò tíì pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òkú. Níbo ni wọ́n wà?"

"Odò ni kẹ́ ẹ lọ bi."

Ọ̀gá Ọlọ́pàá jágbe mọ́ ọn, ó fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà á, ó lu tábìlì. Ọkùnrin náà tún bu omi mu. Aránṣọ wo ojú fèrèsé. Ìtànṣán oòrùn ti kúrò nílẹ̀, ó ti ń gun ara ògiri lọ. Bí ọkùnrin yìí bá pa ẹnu mọ́ di alẹ́, ó ti ṣẹ́gun, nítorí òkú kì í kọ orí ìkẹyìn.

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá Kékeré, ẹ̀yin lẹ gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá mi kú. Abẹ́rẹ́ wọn nìyí lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ibẹ̀ nìkan fún mi, mi ò ní bi yín ní nǹkan mìíràn láyé."

Òógùn bo iwájú ọkùnrin náà. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nù ún. Òórùn kan sì bọ́ sí Aránṣọ nímú, òórùn tí ó ń gbọ́ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé kò tilẹ̀ kà á sí òórùn mọ́. Ó já áńkáṣíìfù náà gbà. Àbàwọ́n rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú.

"Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìyí," ni ó wí. "Òun ni mo wá tì. Bàbá Kékeré, ẹ ò ní mọ́tò, ẹ ò ní kẹ̀kẹ́. Kí lẹ fi òróró mi sí?"

Bàbá Kékeré na ọwọ́ kí ó gba áńkáṣíìfù rẹ̀ padà.

"Ohun tí ó ti dípẹtà ni a ń fi òróró sí," ni Awòfín rọra wí. "Ohun tí a kò ṣí láti ìgbà pípẹ́."

"Àgádágodo," ni Aránṣọ wí. Ọ̀rọ̀ náà ń ti ara rẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin ni olùtọ́jú ilé-ìkẹ́rù ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ iná."

Ojú Bàbá Kékeré wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò ti jẹ ní ìdí.

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n wà nínú ilé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Mo rò pé wọ́n ti lọ jẹun ni. Mo tì í, mo lọ. Mi ò mọ̀."

"Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ mọ̀," ni Awòfín wí.

"Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wo ilẹ̀kùn náà kí àwọn tó kọ orúkọ mi," ni Bàbá Kékeré wí, "mo sì gba ọ̀kadà fún wa."

Awòfín na ọwọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń dán, ó ń yọ̀ fún òróró.

*

Ilé-iṣẹ́ náà kò ní òrùlé mọ́, àyàfi ilé-ìkẹ́rù nìkan tí wọ́n fi irin kọ́. Koríko ti gba àgbàlá. Ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Aránṣọ kò dúró dè é. Àgádágodo náà ṣí láìjà, òun ni ó sì tètè mú omi bọ́ lójú rẹ̀: wọ́n ti fi òróró tirẹ̀ pèsè ibojì fún bàbá rẹ̀.

Òkùnkùn. Òórùn ọ̀dà àtijọ́ àti eérú.

"Bàbá!"

Ó ń fi ọwọ́ táràrà wọlé lọ.

"Bàbá, èmi ni!"

Ọ̀gá Ọlọ́pàá gbé ìmọ́lẹ̀ sókè. Awòfín di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ dákẹ́," ni ó wí. "Ẹ gbọ́."

Ohun kan ń dún, ó kéré, ó yára, bí òjò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Aránṣọ mọ ohùn náà. Láti kékeré ni ó ti ń fi í sùn.

Ó bá a lẹ́yìn òkìtì agolo ọ̀dà. Baba náà fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ètè rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, èémí rẹ̀ ń sáré. Ó gbé ìdérí agolo kan lé àyà, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Orí ìkẹyìn ni ó ń kọ.

"Wọ́n ń mí," ni Aránṣọ ké. "Ẹ pe àwọn ọkọ̀ aláìsàn! Ẹ ní kí wọ́n sáré!"

Ó gbé fúláàsì náà fún Awòfín kí ó ṣí i. Ó gbé ìdérí agolo kúrò ní àyà baba náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìka náà kò dúró. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, lẹ́tà lórí lẹ́tà tí kò lè kà, orúkọ tí ó ti mọ̀ nísinsìnyí. Ó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ aláìsàn tí ń wọ àgbàlá, kò sì mọ̀ bóyá ó tètè dé tàbí ó pẹ́ dé.

Ìlà kan parí. Ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún baba náà na ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ Padà sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.